Báwo lẹ ṣe kọ́ṣẹ́ fídíò ẹ̀kọ́? Tèmi rèé l'Òṣogbo

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Látàná lẹnu ti ń yún mi láti dá sí ọ̀rọ̀ irú kọ̀ǹpútà tó yẹ kéèyàn rà kó tó kọ́ṣẹ́ mọ́ltímídíà, iná ni ò sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé, ẹ jẹ́ n yáa sọ tèmi kó tó tún lọ.

Agbègbè Ọláìyá ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni wọ́n fi ń jẹun, àmọ́ iṣẹ́ tó máa ń dùn mọ́ wọn nínú ni fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní nǹkan, ti iléèwé, ti ilé ìwòsàn, ti àwọn tó ń lanilọ́yẹ̀ ládùúgbò. Tíṣà praímárì ni mí nígbà yẹn, tí iléèwé bá ti parí ni mo máa ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Premiere, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń to fídíò pọ̀, ni mo bá wá, ohun tí gbogbo wa máa ń bá wá náà nìyẹn.

Wọn ò jẹ́ kí n dé ìdí kọ̀ǹpútà. Fúlúsíkáàpù ni wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n fa ìlà gbọọrọ sáàárín ẹ̀, lápá òsì kí n kọ ohun tí ojú máa rí, lápá ọ̀tún kí n kọ ohun tí etí máa gbọ́. Tí mo bá ti kọ nǹkan kan náà sápá méjèèjì, bírò pupa dé nìyẹn, wọ́n á pa ọ̀kan rẹ́. "Ojú ti rí i, kí lo tún ń rò fún etí?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, èmi ń kọ, àwọn ń pa á rẹ́, ó sú mi jàre.

Iṣẹ́ tó là mí lójú ni ti omi iyọ̀ àti ṣúgà. Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn kan ló fẹ́ fídíò kékeré fáwọn ìyá tí ọmọ wọn bá ń ṣu gbuuru, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa po omi yẹn nílé kí wọ́n tó gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìwọ̀n ẹ̀ ò le: omi tó mọ́ líta kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí Mátírọ́ọ̀nù ṣe pè é, ọ̀gá wò ó, wọ́n ní, "Líta kan, ta ló ní ohun tí wọ́n fi ń wọn líta nílé? Ṣíbí yẹn ńkọ́, ṣé èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí ni àbí èyí tó tẹ́jú?" Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ o, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀ léwu fún ọmọ tí omi ara ẹ̀ ti ń gbẹ.

Ti líta yẹn ò pẹ́ tó fi yanjú, píọ̀ wọ́tà kan 50cl ni, méjì ti di líta kan, kò síbi tí wọn kì í tà á. Ti ṣíbí la fi gbogbo ọ̀sán ṣe. A gbé tábìlì sẹ́bàá fèrèsé, a tẹ́ aṣọ dúdú lé e torí iyọ̀ funfun ṣúgà funfun, lórí aṣọ funfun ojú ò ní rí nǹkan kan. Mo bu ṣúgà, ó ga lórí ṣíbí, ọ̀gá gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn títí ó fi jẹ́ pé ṣíbí nìkan lèèyàn ń rí, mo wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fà á kọjá lórí ẹ̀, èyí tó lé yẹn dà sínú àwo, ṣàà, èyí tó kù tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ti iyọ̀, a tẹ́ òun náà báyẹn, mo fi ẹnu ọ̀bẹ là á sí méjì, mo gbá ìlàjì ẹ̀ kúrò. Wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ̀rọ̀ lé ibẹ̀ rárá, ìró ṣúgà tó ń dà yẹn nìkan. Ẹ sọ ìwé tó lè ṣàlàyé ṣíbí tó tẹ́jú fún ìyálọ́mọ kíákíá báyẹn fún mi.

Ohùn ló wá fẹ́ pa wá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ló ń lo jẹnẹrétọ̀, àfìgbà tí wọ́n ti palẹ̀ mọ́ lálẹ́ ká tó lè gba nǹkan kan sílẹ̀. Yàrá kékeré tí wọ́n ń kó báàgì kámẹ́rà sí la lò, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri ẹ̀ torí yàrá tó ṣófo máa ń dún padà. Audacity, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, la fi gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbà fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́rin kẹ́ ẹ tó la ẹnu, ariwo ibẹ̀ yẹn lẹ máa fi han Audacity kó lè mọ ohun tó máa yọ. Ẹ má wá yọ ọ́ jù o, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ jù ohùn á dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga.

Lẹ́yìn tá a ti tò ó pọ̀ tán, tí mo rò pé ó kù ká gbowó, ọ̀gá ní kí n gbé fóònù lọ sí Ọjà Ọba kí n lọ fi han àwọn ìyá. Ẹ mọ Ọjà Ọba. Ìyá aláta kan gbà á lọ́wọ́ mi, wọn ò gbọ́ ohùn ẹyọ kan nínú ariwo yẹn, wọ́n ń wò ó ṣáá. Mi ò bi wọ́n pé ṣé ó yé yín o, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò yé òun. Mo ní, "Ìyá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe é báyìí, ẹ ṣe é fún mi lẹ́nu." Omi, wọ́n gbà á. Fífi ọ̀bẹ tẹ́ ẹ, wọ́n gbà á, wọ́n tiẹ̀ fi ìka júwe ẹ̀. Ìgbà tó kan iye, wọ́n ní ṣúgà mẹ́rin. Ẹlòmíì ní márùn-ún. Ohùn ló ń ka iye yẹn, ohùn ò sì sí lọ́jà. La bá padà lọ ya ṣíbí mẹ́fà sísàlẹ̀ àwòrán, tá a bá ti da ọ̀kan, ọ̀kan á kún, tó fi pé mẹ́fà, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí fídíò fi parí, ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tí ò mọ̀wé kà á kà á.

Ohun tó gbẹ̀yìn ni dátà àwọn èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ṣe fídíò jáde ní 5Mbps (Mbps ni ìwọ̀n dátà tí fídíò ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìṣẹ́jú kan ti ń lọ sí bíi 37MB. A gé e sí 1Mbps, àwòrán ẹ̀ sì jẹ́ 720p, ìyẹn ìwọ̀n tí kò tóbi jù fún fóònù, fídíò ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ yẹn ò ju bíi 11MB lọ, kò sì bàjẹ́ torí kámẹ́rà dúró sójú kan, ohun tó ń mì nínú ẹ̀ ò pọ̀.

Tèmi nìyẹn o. Ó ku tiyín.

Tíṣà Báólójì, Òkè-Fìà:
Bírò pupa yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní yunifásítì California ní Santa Barbara, Richard Mayer, ọdún gbọọrọ ló fi ń ṣèwádìí lórí ẹ̀. Ó rí i pé àwòrán pẹ̀lú ohùn máa ń yé èèyàn ju kí wọ́n tún kọ gbogbo ohun tí ohùn ń sọ sójú àwòrán lọ, torí ojú kan náà ló máa wo àwòrán tó tún máa kàwé. Àmọ́ mo ní gbólóhùn kan sí i o. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀rọ̀ tó bá le mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, òun nìkan.

Ẹ rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde ní 2013 fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ndírì àgbà? Ìwé wà nínú ẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ wà nínú ẹ̀. Àbúrò mi gba ọ̀kan, ìbéèrè àtijọ́ ló máa ń ṣí ṣáá, ìdáhùn tó bá kùnà á yọjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyẹn ló mú un jókòó. Látìgbà yẹn gbogbo fídíò tí mo bá ṣe, mo máa ń dá a dúró láàárín, kí n bi wọ́n ní nǹkan kí n tó tẹ̀ síwájú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti osmosis, ìyẹn bí omi ṣe máa ń wọ inú nǹkan lọ síbi tí iyọ̀ pọ̀ sí. Mo gé iṣu tútù, mo gbẹ́ inú ẹ̀, mo da omi oníyọ̀ sí i, mo gbé e sínú abọ́ omi lásán. Fóònù ń ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá fún wákàtí méjì, ìyẹn 720, tẹ́ ẹ bá fi 24 sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdajì ìṣẹ́jú ni gbogbo ẹ̀. Àwọn ọmọ rí omi tó ń gùn bọ̀ nínú iṣu, kíláàsì pariwo. Fèrèsé ni kẹ́ ẹ tì o, kẹ́ ẹ lo gílóòbù, torí tí oòrùn bá ń wọlé tó ń jáde fídíò á máa ṣẹ́jú ṣáá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Èmi ò ṣe fídíò, ayàwòrán ni mí, fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, ni ìyà tèmi. Oníbàárà á mú fọ́ǹtì tó rẹwà wá, tẹ́ ẹ bá tẹ "ọ̀gẹ̀dẹ̀" sí i, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì tàbí kó di bọ́kìsì. Ẹ́ àti ọ̀ ò ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ni, wọ́n á wá gbé àmì lé e lórí, fọ́ǹtì tí wọn ò bá ṣètò ẹ̀ sí á dojú rú. Fọ́ǹtì Noto Sans kì í dójú tì mí.

Ohun kan tún wà. Ìlú àwọn oníṣẹ́ ọnà la wà, àwọn bíi Twins Seven-Seven àti Jimoh Buraimoh tó jáde láti wákíṣọ́ọ̀bù tí Ulli Beier àti Georgina ìyàwó ẹ̀ ṣe níbí láàárín 1960 sí 1970, ẹ wo iṣẹ́ Twins, kò síbi tó ṣófo. Lára ògiri ó rẹwà gan-an. Àmọ́ ká máa kó gbogbo ẹ̀ sójú fóònù kékeré bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe sí pósítà ìlera, èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀yin tó ṣì ń bèèrè kọ̀ǹpútà, fóònù pẹ̀lú CapCut, áàpù tí wọ́n fi ń to fídíò pọ̀, ti tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ra máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há aṣọ. Tówó bá dé, ẹ ra kọ̀ǹpútà tó ní RAM 16GB (ibi tó ń fi iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti SSD (ibi ìkófáìlì tó yára), DaVinci Resolve ọ̀fẹ́, sọ́fítíwíà fídíò bíi Premiere, á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ó kàn wúwo ni. Tíṣà, iṣu funfun lẹ lò fún osmosis yẹn àbí ewùrà? Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì.