Ìkarahun wa ń ju ìrù lójú ọ̀nà: ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ tírélà ìpàgọ́ yìí

Ìyá Ìbejì Georgia

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó náwó síbi tí kò yẹ.

A ní tírélà ìpàgọ́ kékeré kan. Kì í ṣe irú èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì o. Yàrá kékeré orí táyà ni, ọkọ̀ Toyota Highlander wa ni mo fi ń fà á. Ẹsẹ̀ bàtà 16 ni gígùn rẹ̀, táyà méjì péré ló dúró lé, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé tòun tẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 3,500 páùn lọ. Àlòkù la rà. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Ìkarahun, torí pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.

Èmi fúnra mi ni mo tún inú rẹ̀ ṣe. Tábìlì àti àga ìjẹun tó wà lẹ́yìn, mo tú wọn, mo fi plywood tó nípọn tó 3/4 íǹṣì kan ibùsùn alájà méjì síbẹ̀ fún Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú. Bátìrì méjì tó wà níta níwájú, mo kó wọn wọlé sábẹ́ ibùsùn náà kí òjò má baà máa pa wọ́n. Mo ra irin ìkẹ́rù kan, mo dè é mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, jẹnẹrétọ̀ kékeré àti kúlà ló ń jókòó lórí rẹ̀. Táǹkì omi tó ń gba gálọ́ọ̀nù 20, ẹ̀yìn náà ló wà, mo sì máa ń bu omi kún un láti ilé.

Ní oṣù Keje a ń lọ sí Skidaway Island lẹ́bàá Savannah. A ti kọjá Macon, a ti bọ́ sórí ọ̀nà márosẹ̀ I-16, mo ń sá máìlì 65 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan yà wá sílẹ̀. Bí atẹ́gùn rẹ̀ ṣe fẹ́ lù wá ni Ìkarahun bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, sítíárì ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tẹ bíréèkì, ó tún le sí i. Kẹ́hìndé ń pariwo lẹ́yìn pé, "Mọ́mì, ilé ń jó!" Ọlọ́run ló yọ wá, mo rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dúró sí. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi jókòó síbẹ̀ kí ọwọ́ mi tó yé gbọ̀n. Bàbá wọn ò sí pẹ̀lú wa, ó wà níbi iṣẹ́.

Nígbà tí a débẹ̀, ìṣòro kejì yọjú. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wa dagun díẹ̀, mo wá yí jáàkì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè títí ilé fi dọ́gba. Síbẹ̀, bí ọmọ kan bá yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn, gbogbo wa la máa mọ̀. Ilẹ̀kùn kò sì fẹ́ pa dé mọ́, èjìká ni mo fi ń tì í.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní kí n ra ọ̀pá amúdúró tó ń dènà ìjùrù, kí n sì pààrọ̀ jáàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí èyí tó tóbi jù. Owó ńlá ni wọ́n pè. A fẹ́ lọ pàgọ́ ní Vogel, ní ìhà àríwá Georgia, ní oṣù Kẹwàá, orí òkè sì ni. Ṣé kí n rà á, àbí kí n ta Ìkarahun kó tó pa wá?

Awakọ̀ Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Mo wa ọkọ̀ ńlá láti Àpápá dé Kánò fún ọdún 11, mo sì ti ń wa ọkọ̀ ńlá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí fún ọdún 19. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ tún ohun tí ẹ kọ kà: ibùsùn, ẹ̀yìn, bátìrì, ẹ̀yìn, jẹnẹrétọ̀ àti kúlà, ẹ̀yìn pátápátá, omi, ẹ̀yìn. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju páùn 8 lọ, gálọ́ọ̀nù 20 yín yóò tó páùn 167. Ẹ ti gbé gbogbo ẹrù sí ìdí, imú sì ti fúyẹ́. Ẹni tó bá ti ru igbá rí mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹrù bá tẹ̀ sẹ́yìn lórí òṣùká: bí ẹsẹ̀ bá ti kọ díẹ̀ báyìí, igbá ti fẹ́ lọ.

Imú tírélà, ìyẹn ibi tó ti so mọ́ bọ́ọ̀lù ìdí ọkọ̀, ni ẹ máa wọ̀n. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí a ń fẹ́ kó tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà ni 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo tírélà. Bó bá kéré ju 10 lọ, atẹ́gùn ọkọ̀ ńlá kan ti tó láti mú un jó. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín náà kí ẹ mọ ìwọ̀n tí ìdí rẹ̀ lè gbà. Ẹ kọ́kọ́ gbé tírélà pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n tí àwa awakọ̀ ńlá ń lò níbi tí a ti ń ra epo, wọn á fún yín ní ìwé ìwúwo rẹ̀.

Ti imú, òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ara yín nílé tó. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ẹ ti máa ṣe é, kí ẹ sì fi igi há táyà dáadáa kó má baà yí. Ẹ wá pákó líle kan. Òṣùwọ̀n ní ìsàlẹ̀ orí kan, búlọ́ọ̀kù igi tó bá a ga dọ́gba ní ìsàlẹ̀ orí kejì, kí àárín wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 géérégé. Ẹ wá sọ jáàkì imú kalẹ̀ sórí pákó náà, níbi tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1 sí búlọ́ọ̀kù, 2 sí òṣùwọ̀n. Ẹ yọ ohun tí pákó nìkan kà kúrò, kí ẹ fi 3 sọ ìyókù di púpọ̀. Iye tó bá jáde ni ìwúwo imú yín.

Bó bá tún jù ìrù lójú ọ̀nà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́, ẹ má tẹ bíréèkì ọkọ̀. Ẹ má sáré, ẹ má fi sítíárì lé e káàkiri. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kí ẹ di sítíárì mú gbọingbọin, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti ohun kékeré tó ń darí bíréèkì tírélà, èyí tó máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tírélà nìkan ni yóò di bíréèkì mú, yóò sì fa ara rẹ̀ tọ́. Ọ̀pọ̀ ló ra nǹkan yìí tí wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Ẹ lọ dán an wò ní pápá ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo kí ọwọ́ yín mọ ibi tó wà láìwò.

Ẹ yẹ ara táyà tírélà wò pẹ̀lú. ST, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe fún tírélà, ni wọ́n kọ sí púpọ̀ nínú wọn, máìlì 65 sì ni òpin eré ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú irú táyà bẹ́ẹ̀. Ibi òpin gan-an lẹ ti ń sá. Ẹ jẹ́ kó mọ ní 60.

Ẹ wo ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa, ó ń ké sí yín. Jáàkì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kò sí fún gbígbé ilé. Ẹ ti fi wọ́n gbé igun kan sókè ju èkejì lọ, irin ìsàlẹ̀ ti lọ́, ojú ilẹ̀kùn náà sì lọ́ tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: kí ẹ tó já a kúrò lára ọkọ̀, ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà sílẹ̀ nínú ilé, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó lọ sílẹ̀, kí ẹ to pákó síwájú táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀ kí táyà gùn ún. Ẹ há táyà méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn wọn. Ìgbà náà ni ẹ tó já a. Jáàkì imú ni ẹ ó fi dọ́gba iwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn. Ìparí ni jáàkì igun: ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀, kí ẹ wá fún un díẹ̀ sí i, ó tán. Orí pákó ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lé, torí yanrìn ìhà Savannah kò ní gbé e. Tó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ẹ tún un fún, ilẹ̀ á ti rì díẹ̀.

Ọmọ Káfíńtà

Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Ìbejì, mo kí yín fún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Èmi náà ti tún inú mẹ́ta irú rẹ̀ ṣe níbí ní Houston. Bàbá wa Awakọ̀ ti sọ ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé.

Bátìrì abẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ yẹn, lónìí olónìí ni kí ẹ gbé e kúrò. Bátìrì olómi máa ń tú gáàsì jáde tó bá ń gba iná, gáàsì náà sì ń gbiná. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà nínú ilé dandan, àpótí tó ní ìdérí tó pa dé ni kó wà, pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé gáàsì náà lọ síta. Ẹ gbé e síwájú táyà díẹ̀, kó má jẹ́ ẹ̀yìn.

Plywood 3/4 íǹṣì wúwo púpọ̀. Odindi kan lè tó páùn 60 sí 70. Lo 1/2 íǹṣì, kí o to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, yóò gbé ọmọ mẹ́ta wẹ́rẹ́. (Ẹ má bínú, mo ti ń kọ "lo" bí ẹni ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀.) Ẹ má kan ìdè mọ́ ara ògiri lásán, ògiri yẹn kò ju bébà líle lọ, ẹ fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi gbọ́ ibi tí igi wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ tó lu ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wo ibi tí páìpù gáàsì gbà.

Ìbéèrè kan: fèrèsé ẹ̀yìn tó ní ọwọ́ pupa, èyí tí a ń gbà sá jáde bí iná bá sọ, ṣé ibùsùn òkè kò dí i? Mo bẹ yín, ẹ dá mi lóhùn.

Bọ́ńpà ẹ̀yìn náà, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni lára púpọ̀ nínú wọn, táyà sípíà ni wọ́n ṣe é fún. Mo ti rí èyí tó já sójú títì.

Adé Kent

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń sọ fún wa pé kí imú wúwo. Ṣé 10 kò ti pọ̀ jù?

Awakọ̀ Àgbà

Adé, èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ yín àti èyí tí wọ́n ń kọ́ níbí yàtọ̀ síra, eré rẹ̀ náà yàtọ̀. Òfin yín kò jẹ́ kí ẹni tó ń fa nǹkan kọjá máìlì 60 ní mọ́tọ́wè. Èyí tí ìwé tírélà àti ìwé ọkọ̀ rẹ bá sọ ni kí o tẹ̀ lé. Ìyá Ìbejì, ẹ dúró lórí 10 sí 15.

Ìyá Ìbejì Georgia

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ẹ jẹ́ kí n jíṣẹ́.

Ọmọ Káfíńtà, òótọ́ lẹ sọ. Ibùsùn òkè dí ìdajì fèrèsé yẹn. Nígbà tí mo gbìyànjú láti ṣí i, ó kan pákó, ó dúró. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Mo ti tú u. Ibùsùn òkè ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, 1/2 íǹṣì ni báyìí, àwọn ọmọ sì ti ṣí fèrèsé náà fúnra wọn, mo dúró síta, mo ń gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi mọ́ Ìdòwú.

Ti ìwúwo: kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, gbogbo rẹ̀ jẹ́ páùn 3,340. Òṣùwọ̀n ilé ka 62 lẹ́yìn tí mo yọ ti pákó kúrò, ìyẹn ni pé imú jẹ́ 186. Kò tilẹ̀ pé 6 nínú ọgọ́rùn-ún! Bí mo ṣe ń fà á kiri nìyẹn.

Mo kó bátìrì sínú àpótí lábẹ́ àga tó wà níwájú táyà, rọ́bà rẹ̀ ti jáde síta. Irin ìkẹ́rù ti kúrò lára bọ́ńpà. Jẹnẹrétọ̀ àti kúlà ti wọ inú bùùtù Highlander. Omi, mo ti gba ọ̀rọ̀ yín, ibi tí a bá dé ni mo ti ń bù ú. Mo tún wọ̀n ọ́n: 3,050, òṣùwọ̀n sì ka 127, ìyẹn 381. Ó lé ní 12 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní Sátidé mo fà á lórí I-20 dé ìtòsí Augusta, mo padà. Máìlì 60. Mo ka ọkọ̀ ńlá mẹ́sàn-án tó yà wá sílẹ̀. Ní ti àkọ́kọ́, gbogbo ara mi le, mo ti gbé ọwọ́ sún mọ́ bíréèkì tírélà. Atẹ́gùn rẹ̀ tì wá díẹ̀, Ìkarahun sì tẹ̀ lé mi.

Ilẹ̀kùn ti ń pa dé pẹ̀lú ìka kan. Ìdúró rẹ̀ kò tíì dà bí ti ilé oníbíríkì, ó ṣì ń mì tí mo bá gun àtẹ̀gùn wọlé, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá yí padà mi ò mọ̀ mọ́. Ṣé kí n ṣì ra ọ̀pá amúdúró yẹn fún òkè Vogel?

Awakọ̀ Àgbà

Ẹ kú orí ire. Bí owó bá wà, ẹ rà á, kò burú. Ó máa ń ṣèrànwọ́ lórí ẹrù tó ti dọ́gba.

Ti òkè, ọ̀nà US 19/129 gba Neel Gap, àlàfo kan láàárín òkè, kọjá, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò kéré, kọ́nà rẹ̀ sì pọ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ ti gbé gíà sílẹ̀, kó má jẹ́ ìgbà tí eré bá ti gorí. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dì í mú, ẹ máa tẹ bíréèkì kí ẹ sì máa fi sílẹ̀, kó má baà gbóná. Ẹ yà fún àwọn tó bá ń kánjú lẹ́yìn yín. Ẹ sì fọwọ́ kan àárín táyà tírélà nígbà tí ẹ bá dúró ra epo: bó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró lé e, ó lè jẹ́ pé bẹ́ríìnì ń béèrè gírísì nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Georgia

Mo ti gbọ́, bàbá. Mo ti ra gírísì. Bàbá wọn ti gba ìsinmi, òun ni yóò máa fọwọ́ kan táyà.