Wọ́n ní kí n san $199 torí atẹ́gùn táyà, ẹ gbà mí o

Ọmọ Òṣogbo, Chicago:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mustang àlòkù kan ni mo fẹ́ rà lọ́wọ́ díìlà. A ti nájà tán, a ti bọwọ́, àfi bí wọ́n ṣe gbé ìwé síwájú mi tí mo rí $199 nísàlẹ̀ pátápátá: náítírójìn táyà. Wọ́n ní atẹ́gùn lásán kò yẹ ọkọ̀ tó ń sáré, pé àwọn ti fi sí i ná, kò ṣeé yọ mọ́. Lóòótọ́, ìdérí fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ aláwọ̀ ewé, àmì náítírójìn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí, àbí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ ẹ̀yìn jẹ mí níṣu?

Ẹ̀gbọ́n Fọkanáísà, Houston:
Àbúrò, má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe fọkanáísà ní Mushin kí n tó rékọjá, ìdí táyà náà ni mo sì ti ń jẹun níbí.

Náítírójìn kì í ṣe irọ́, iye tí wọ́n ń tà á ni irọ́. Atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí yìí, tí a bá pín in sí ọgọ́rùn-ún, 78 rẹ̀ ti jẹ́ náítírójìn tẹ́lẹ̀, ọ́síjìn jẹ́ nǹkan bí 21. Ìyókù yẹn ni wọ́n yọ kúrò tí wọ́n ní kí o sanwó fún.

Èrè wà níbẹ̀, díẹ̀. Ọ́síjìn máa ń yọ́ gba ara rọ́bà jáde ju náítírójìn lọ. Consumer Reports, àwọn tó ń dán ọjà wò fún oníbàárà, dán an wò: oríṣi táyà 31, wọ́n fún gbogbo wọn ní 30 psi (psi la fi ń wọn bí atẹ́gùn inú táyà ṣe le tó), wọ́n kó wọn síta fún ọdún kan gbáko. Èyí tó ní atẹ́gùn lásán pàdánù 3.5 psi, ti náítírójìn pàdánù 2.2. Ọdún kan odindi, 1.3 péré ni ìyàtọ̀!

Omi ni ọ̀rọ̀ kejì. Ní Mushin, láràárọ̀ la máa ń tú ìdí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, omi pupa bí ìpẹtà á sì máa ṣàn jáde. Omi bẹ́ẹ̀ máa ń bá atẹ́gùn wọ táyà, tí táyà bá wá gbóná, á di oru, psi á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ díje máa mọ̀ ọ́n lára, torí ìdajì psi lè yí bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń gba kọ́nà padà. Nissan GT-R, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi náítírójìn sí i. Ti bàálù ńlá tilẹ̀ ti di òfin. Lóṣù kẹta 1986, bàálù Mexicana kan gbéra ní Mexico City, bíréèkì rẹ̀ gbóná kọjá ààlà, atẹ́gùn lásán ló sì wà nínú táyà. Ó bẹ́ lójú òfuurufú, èèyàn 167 ló bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ìwọ, ibi iṣẹ́ àti òde ìsọmọlórúkọ lo fẹ́ gbé Mustang lọ. Sọ fún wọn kí wọ́n yọ $199 yẹn kúrò nínú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ń lọ. Ẹni tó ra táyà ní Costco, náítírójìn ni wọ́n ń fi sí i, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lé e.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá rọ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ mi kọ̀, kò jẹ́ fi atẹ́gùn ilé epo kún un, ó ní wọn kì í pa á pọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbé táyà rírọ̀ kiri!

Ẹ̀gbọ́n Fọkanáísà, Houston:
Ha! Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n pa á pọ̀, kò ní ṣe nǹkan kan. Táyà rírọ̀ gan-an ló ń gbóná tó ń bẹ́.

Ọmọ Òṣogbo, òtútù Chicago ni kí o bẹ̀rù. Bí ojú ọjọ́ bá fi 10 Fahrenheit wálẹ̀, bíi 1 psi ló ń bá a lọ, ì báà ṣe náítírójìn. Ra géèjì. Àárọ̀ ni kí o wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí o tẹ̀ lé. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà, òpin agbára táyà nìyẹn. Má sì dúró de iná dáṣíbọ́ọ̀dù: ní Amẹ́ríkà, ó lè má tàn títí ìdá kan nínú mẹ́rin fi lọ.

Ọmọ Òṣogbo, Chicago:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ìgbà tí mo dìde ni wọ́n yọ ọ́, mo sì ra ọkọ̀ náà. Láàárọ̀ yìí mo wọ̀n ọ́n: mẹ́ta jẹ́ 32, ti ẹ̀yìn lápá òsì jẹ́ 25, tòun ti ìdérí aláwọ̀ ewé lórí. Mo fi itọ́ sí fáàfù, kò hó. Mo wá fi omi ọṣẹ pa gbogbo ara rẹ̀. Ìṣó ni.

Ẹ̀gbọ́n Fọkanáísà, Houston:
Àárín ni àbí etí?

Ọmọ Òṣogbo, Chicago:
Etí. Kò ju ìbú ìka kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ̀wé sí.

Ẹ̀gbọ́n Fọkanáísà, Houston:
Àárín nìkan là ń lẹ̀, ti etí kò ṣeé lẹ̀. $199 tí o gbà padà ti ríṣẹ́ nìyẹn. Méjì ẹ̀yìn ni kí o rà pọ̀, torí àwọn ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Má sì fa ìṣó yẹn yọ o, àfi tí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa pààrọ̀ táyà.