Amp kékeré wo ni kì í dún "ṣììì" nínú íápíìsì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ orin, ẹ gbà mí. Íápíìsì tó ń wọnú etí ni mò ń lò, 16 ohm ni impedance (ìdènà iná) rẹ̀. Mo ra amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè) kékeré oníbátìrì kan. Orin lọ sókè lóòótọ́, àmọ́ bí sákárà bá rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí, "ṣììì" ni mò ń gbọ́, bí ẹni ń dín àkàrà ní yàrá kejì. Mo ti pààrọ̀ wáyà, mo yí gain (bí amp ṣe ń fún ohùn lágbára tó) wálẹ̀, mo pa dátà. Pàbó. Wọ́n ní kí output impedance amp (ìdènà iná níbi tí ohùn ti ń jáde) má ju 2 ohm lọ fún irú íápíìsì tèmi. Wọn ò kọ ọ́ sára páálí amp tí mo rà. ₦40,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n wá amp mìíràn ni, àbí wáyà USB-C tó ní DAC (ohun tó ń sọ orin oní-nọ́ńbà inú fóònù di ohùn) nínú ti tó? Èwo lẹ ti lò tó dákẹ́ jẹ́ẹ́?