Ewé irin wo ló yẹ spinnerbait níbi tí omi kò jìn tó sì mọ́ gaara?

Láti Houston:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Inú àwọn odò ẹlẹ́rẹ̀ tó la ìlú wa kọjá ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi spinnerbait, ìyẹn ìjẹ onírin tó ní ìwọ̀ àti ewé irin tó ń yí, pẹja bass, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán, àfi ìgbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wakọ̀ lọ sí Lake Travis lẹ́bàá Austin nínú oṣù Kẹrin. Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé mò ń rí òkúta nísàlẹ̀ níbi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, mo sì ń fi ojú ara mi rí àwọn ẹja tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìjẹ mi bọ̀, tí wọ́n á sún mọ́ ọn tán, tí wọ́n á sì pẹ̀yìn dà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹja kan ṣoṣo ni mo mú. Bíléèdì tó wà lára spinnerbait mi, ìyẹn ewé irin tó máa ń yí, jẹ́ Colorado nọ́ńbà 5 kan ṣoṣo, aláwọ̀ wúrà. A fẹ́ padà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ irú omi bẹ́ẹ̀, ewé wo ni kí n rà?

Láti Austin:

Àbúrò mi, o kú ìrìn àjò. Ẹja tó tẹ̀ lé ìjẹ tó sì pẹ̀yìn dà, kì í ṣe pé ebi kò pa á. Ó ti yẹ ohun náà wò fínnífínní, kò sì gbà pé oúnjẹ ni. Nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, bass kò lè ríran jìnnà. Ìlà kan tó lọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbọ́ bí omi ṣe ń mì, nítorí náà ewé tó bá ń gbá omi kíkankíkan ni yóò pè é wá. Ìdí nìyẹn tí Colorado rẹ fi ń jẹ́ fún ọ ní Houston. Ṣùgbọ́n ní ti omi tó mọ́ gaara, ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ewé mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Colorado rí roboto, ó sì kòtò níkùn bíi ṣíbí. Ó lágbára nínú omi tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ tó di ọ̀pá mú yóò máa gbọ́ ọ, ó sì máa ń gbé gbogbo ìjẹ náà sókè. Má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà tàn ọ́ jẹ: lóòótọ́, orí odò Colorado ti Texas ni Lake Travis wà, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ́ di ewé ibẹ̀. Willow gùn, ó tín-ín-rín, ó sì ní ṣóńṣó lẹ́nu. Kì í gbá omi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń yí kíákíá, ó sì ń kọ mànà bí ìgbà tí ẹja kékeré bá yí ẹ̀gbẹ́ sí oòrùn. Ó tún máa ń gba àárín koríko inú omi kọjá ju Colorado lọ. Indiana wà láàárín àwọn méjèèjì, n kì í sì í sábà lò ó níbí.

Willow méjì ni kí o rà, tí èyí tó wà níwájú jẹ́ nọ́ńbà 3, tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ nọ́ńbà 3½ tàbí 4, lórí spinnerbait tó wúwo tó áúnsì 3/8. Bí omi kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, lo áúnsì 1/4. Má sì fi nọ́ńbà ewé irú kan wé ti irú mìíràn, nítorí pé willow nọ́ńbà 4 gùn dáadáa ju Colorado nọ́ńbà 4 lọ. Ohun tí mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n ni ẹja kéékèèké tó wà nínú omi náà. Ní Travis, threadfin shad ni bass ń jẹ jù, ọ̀pọ̀ wọn kò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ewé tó bá gùn ju ẹja tó ń ṣàfarawé rẹ̀ lọ yóò máa ya bass lẹ́nu ni.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró sí etí omi kan tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, tí òkúta funfun tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì wọ àwòjú tó máa ń pa dídán ojú omi. Bass kan wà lábẹ́ òjìji èbúté onípákó, bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Mo ju willow nọ́ńbà 5 sí i, mo sì rọra ń fà á. Ẹja náà jáde, ó tẹ̀ lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan yẹ̀rì rọ́bà ìjẹ náà. Bí ewé ńlá yẹn ṣe tún yí sí oòrùn tó kọ mànà, ńṣe ló dúró sójú kan, tó sì rọra padà sábẹ́ òjìji. Mo jókòó, mo yọ ewé ẹ̀yìn, mo fi nọ́ńbà 3½ sí i, mo sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí mo tún jù ú, mo jù ú kọjá èbúté náà dáadáa kí ariwo rẹ̀ má baà dẹ́rù bà á, mo sì fà á kíákíá, ó kù díẹ̀ kí ewé náà yọ lójú omi. Bó ṣe fara gbá òpó èbúté tó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹja náà gbé e mì. Kò ráyè wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ewé kékeré nìkan kọ́ ló ṣe é. Eré náà wà níbẹ̀. Willow kì í gbé ìjẹ sókè púpọ̀, nítorí náà o lè fà á kíákíá láìjẹ́ pé ó fò jáde lójú omi, ohun tí Colorado ńlá rẹ kò lè gbà ọ́ láyè láti ṣe.

Ní ti àwọ̀, fàdákà ni mo máa ń lò nígbà tí oòrùn bá ràn, tí afẹ́fẹ́ sì ń ru ojú omi díẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, mo máa ń gbé wúrà wọlé, nítorí pé dídán rẹ̀ rọlẹ̀ ju ti fàdákà lọ. Àkókò tó le jù ni ìgbà tí oòrùn mú, tí omi sì dúró bíi dígí. Nígbà náà, mo máa ń dín ewé kù sí ẹyọ kan ṣoṣo, tàbí kí n fi èyí tí wọ́n kùn ní funfun rọ́pò ti ẹ̀yìn. Jẹ́ kí yẹ̀rì rọ́bà rẹ náà jẹ́ funfun tàbí èyí tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá, kí o sì fi síṣọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ kúrú.

Láti Atlanta:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi kún un pé ní Lake Lanier ní ọ̀dọ̀ wa, willow nọ́ńbà 5 ń ṣiṣẹ́ gidigidi, èyí kò sì tako ohun tí ẹ sọ, nítorí pé blueback herring ni ẹja tí bass ń lé níbẹ̀, ó sì gùn ju threadfin shad lọ. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí àbúrò wa gbọ́ dáadáa. Bí omi bá mọ́ tí kò sì sí afẹ́fẹ́, n kì í ju spinnerbait rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá dìde, ìgbì kéékèèké máa ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹja kò ní lè yẹ ìjẹ wò dáadáa mọ́, ẹja kéékèèké á sì wọ́ jọ sí etí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù. Apá tí afẹ́fẹ́ ń kọjú sí yẹn, tó máa ń ni èèyàn lára láti dúró sí, ni kí ẹ lọ.

Láti Houston:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Ṣé mo lè pààrọ̀ ewé lára èyí tí mo ní, àbí àfi kí n ra òmíràn?

Láti Austin:

Ti ẹ̀yìn ṣe é pààrọ̀ bí òrùka onílọ̀ọ́po-méjì bá so ó mọ́ swivel, ìyẹn irin kékeré tó ń jẹ́ kí ewé lè yí: fi ẹ̀mú kékeré ya òrùka náà, yọ ewé àtijọ́, kí o ti tuntun bọ̀ ọ́. Ewé iwájú ni kò rọrùn, nítorí pé ara wáyà láàárín àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ló wà, àfi kí o tú ẹnu wáyà náà kí o tó lè yọ ọ́. Nítorí náà, ra èyí tí ewé iwájú rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, kí o máa pààrọ̀ ti ẹ̀yìn. Kí o tó sanwó, fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ sí ewé ẹ̀yìn náà. Bí kò bá yí, swivel rẹ̀ kò dára.

Ṣáájú kí o tó so ó, yẹ okùn rẹ wò: fluorocarbon pọ́n-ùn 12 sí 15 kì í hàn púpọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ẹja bá ṣì ń gé yẹ̀rì rọ́bà jẹ láìkan ìwọ̀, fi ìwọ̀ kejì há ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́. Nígbà tí o bá sì parí lọ́jọ́ náà, fi aṣọ nu àwọn ewé fàdákà kí wọ́n gbẹ kí o tó kó wọn sínú àpótí, nítorí pé ewé tó ti dúdú kì í kọ mànà mọ́.