Ọta .458 ń rì sínú kèèsì bí ìbọn bá ti ń tàpá: ibo ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń fọwọ́ ara yín di kátíríìjì (ọta, ẹ̀tù àti kèèsì idẹ tó gbé wọn dání). Kátíríìjì tí à ń lò, .458 Winchester Magnum ni, ọta 500 grain (grain ni ìwọ̀n ìwúwo ọta). Gígùn kátíríìjì jẹ́ ínṣì 3.340 kó tó wọ màgásíìnì, àpótí kátíríìjì inú ìbọn. Lẹ́yìn ìyìn méjì, ìkẹta tó ṣẹ́ kù ti kúrú sí 3.315. Ìbọn ló ń tàpá sẹ́yìn, orí ọta á wá máa gbá ògiri iwájú màgásíìnì. Bí ọta bá rì, àyè ẹ̀tù á dín kù, ipá inú ìbọn á sì ròkè. Ta ló fẹ́ irú ẹ̀ níwájú ẹfọ̀n?

Gbogbo kèèsì ni a ti gé sí 2.490, nítorí èyí tó bá gùn ju èkejì lọ kì í ká ẹnu mọ́ ọta bákan náà. Kíki ọta bọlé àti kíká ẹnu kèèsì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń ṣe wọ́n, ẹnu náà sì bọ́ sínú ìlà tó yí ara ọta po.

Ohun méjì ló kù tí a ń fura sí. Irin tó ń la ọrùn kèèsì fẹ̀ 0.457, ó fi 0.001 péré kéré sí ọta. Èkejì, a ti yin àwọn kèèsì náà lẹ́ẹ̀mẹfà láì fi iná rọ ọrùn wọn, idẹ tó ti le kì í sì í di ọta mú dáadáa.

Ṣé kí a kọ́kọ́ fá irin náà sí 0.455 ni, àbí kí a rọ ọrùn ná? Bí a bá sì fi kún kíká ẹnu, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù, kí ara kèèsì lábẹ́ ẹnu má baà wú, kí kátíríìjì má sì há?