Ṣé kí n gbé sítóòfù lọ sí Marathon des Sables ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà sárésáré. Mo fẹ́ kópa fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú Marathon des Sables, eré ìje ọlọ́jọ́ púpọ̀ tó tó nǹkan bíi 250 kìlómítà ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní Mòrókò, níbi tí olúkúlùkù ti gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Mo ti ń gbé báàgì tó kún sáré lórí àwọn òkè Wales, èjìká mi sì ti ń mọ́ ọn lára. Oúnjẹ ló kù. Gaàrí Ìjẹ̀bú àti kúlíkúlì kò nílò iná, ṣùgbọ́n omi tí oòrùn ti mú lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń jẹ́ kí gaàrí wú kó tó dé ẹnu (èmi kò sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀). Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n gbé sítóòfù kékeré dání, àbí kí n fi í sílẹ̀ kí ẹrù mi lè fúyẹ́? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.