Alùpùpù mi kò ṣíná mọ́: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín láti Gwagwalada. Alùpùpù tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí bí epo ṣe ń wọ inú ẹ́ńjìnì rẹ̀, tí kì í ṣe oníkabúrétọ̀, kò ṣíná láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tí mo fi omi fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Sítátà ń yí i dáadáa, bátìrì ń fi fóòtì 12.6 hàn lórí mítà, mo sì ń gbọ́ ohùn pọ́ǹpù epo fúngbà díẹ̀ tí mo bá ṣí kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì kò ta iná rárá.

Mẹkáníìkì kan ní kí n ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ó dùn mí, nítorí kò yẹ ohunkóhun wò kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọ̀pá kíráǹkì inú ẹ́ńjìnì ṣe ń yí, ni èmi fura sí, nítorí bí kọ̀ǹpútà kò bá rí àmì láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní mọ ibi tí písítìnì dé, kò sì ní pàṣẹ kí iná ta. Mo ti yẹ fíúsì àti súìṣì ẹsẹ̀ ìdúró wò; kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, bí mo bá fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ náà, ṣé iye ohms rẹ̀ (bí ó ṣe ń dènà iná mànàmáná tó) nìkan tó láti dá a lẹ́bi, àbí mo gbọ́dọ̀ wọn fóòtì AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tí kì í ṣe irú ti bátìrì) tí ó ń mú jáde nígbà tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnì? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ pé kì í ṣe wáyà tí omi wọ̀, tí ó ti dípẹtà, ló ń fa gbogbo rẹ̀?